Ọjọ́ Tí Ẹ-Tún-un-Ṣe Rìn Wọ Inú Eré

Eré náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bàbá inú eré dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lé jáde nílé láti ọjọ́ pípẹ́ dúró níwájú rẹ̀, gbogbo yàrá ìgbafẹ́ tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé sì kún fún akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bàbá yìí yí ojú kúrò lára ọmọ, ó kọjú sí kámẹ́rà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo òbí ayé níyànjú. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọkùnrin kan tó wọ sílípáàsì, tó fi ìwé eré há abíyá, fi rìn wọ inú àwòrán láti ẹ̀gbẹ́. Ó dúró sáàárín bàbá àti ọmọ, ó wo bàbá lójú, ó ní, "Irọ́ lò ń pa. Ẹ tún un ṣe."

Wọn kò gba eré náà sílẹ̀ sórí téèpù o. Tààrà ló ń lọ sórí afẹ́fẹ́.

Oníkámẹ́rà, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, ló kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn orí ọkùnrin yìí láàárín àwòrán rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń to àwòrán yẹn: ilẹ̀kùn ní apá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ léjìká ọmọ, òjìji bàbá lára ògiri. Ẹ̀yìn orí olùdarí eré kò sí nínú ètò náà rárá. Inú bí i débi pé ó gbàgbé pé gbohùngbohùn wà lókè orí wọn, ó sì bi í pé, "Ṣé orí rẹ pé ṣá?" Bí ohùn tirẹ̀ náà ṣe bọ́ sórí afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Títí di ọjọ́ náà, "ẹ" ló fi máa ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọkùnrin náà jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí. Ó ti ya fọ́tò jẹun fún ọdún bíi mélòó kan kó tó wá jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú kíláàsì. Nígbà tó yá tí ọmọbìnrin náà rántí pé òun sọ "rẹ" sí àgbàlagbà níṣojú gbogbo ilé-ìwé, ojú tì í, ó lọ tọrọ àforíjì. Ọkùnrin náà ní kò sí ohun tó fẹ́ dárí jì. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ti bá òun sọ láìṣe àgàbàgebè nìyẹn.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò bá a délé-ìwé. Ẹ-Tún-un-Ṣe ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí èèyàn ṣe níṣojú rẹ̀ tí kò ní ní kó tún un ṣe. Ó jẹ́ kí ọmọkùnrin tó ń ka ìròyìn nílé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí àwọn olùwòran ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" lákítúnkí, títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n sì ní láti yí i sí "ẹ kú alẹ́."

Ó lọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin tó ń tajà lẹ́nu géètì. Obìnrin náà kí i. Ó ní ìkíni náà kò dénú, kí ìyá jọ̀ọ́ tún òun kí. Obìnrin náà sọ fún un pé kó kó ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ kúrò níwájú ìsọ̀ òun, kó lọ wá búrẹ́dì lọ síbi tí ìkíni ti ń dénú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní èyí dénú.

Bí òun àti Oníkámẹ́rà ṣe pàdé kò yàtọ̀ síyẹn. Ọmọbìnrin náà wá forúkọ sílẹ̀ nílé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kó gbé kámẹ́rà kó ya ohunkóhun tó bá wù ú, ó sì ya fèrèsé. Ẹ-Tún-un-Ṣe wo àwòrán náà, ó ní ó ń wo fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ rà á, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà níta. Ọmọbìnrin náà gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, ó bínú lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá ya fèrèsé náà, nítorí ó fẹ́ fi hàn án pé aláìmọ̀kan ni. Àwòrán kejì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, ìyẹn sì tún bí i nínú ju ọ̀rọ̀ àná lọ.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí à ń wí yìí kò ju yàrá kan lọ lẹ́yìn ilé-ìkàwé. Páálí ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ohùn má bàa máa ta padà. Wáyà ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ kan lára igi tí kámẹ́rà dúró lé. Fáànù ń han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pa á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á sì máa làágùn títí iṣẹ́ á fi parí. Àwọn tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé nìkan ló lè rí ohun tí wọ́n bá gbé sórí afẹ́fẹ́. Àmọ́ tí ènìyàn bá gbọ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń pariwo mọ́ ara wọn lórí iṣẹ́, á rò pé gbogbo ayé ló ń wò wọ́n.

Olùkọ́ tí ilé-ìwé fi ṣe Alábòójútó wọn jẹ́ ẹni tó máa ń wúkọ́ kó tó wọlé, kí àwọn tó wà nínú ilé lè múra ìkíni sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wúkọ́ wọlé, ó ní àwọn aláṣẹ fẹ́ gba yàrá náà, wọ́n fẹ́ kó àga ìdánwò sí i. Ó ní ohun kan ló lè gbà wọ́n. Ọjọ́ ìbẹ̀wò àwọn òbí ń bọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú yóò wà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣe eré kan, ẹyọ kan ṣoṣo, tó ní ẹ̀kọ́ nínú. Bí eré náà bá wọ àwọn àgbà lára, òun á bá wọn sọ̀rọ̀. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, kí wọ́n tètè yọ páálí ẹyin wọn.

Ẹ-Tún-un-Ṣe ló kọ eré náà. Bàbá kan lé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nítorí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Ọdún gorí ọdún, bàbá ń bá ògiri jà, ó ń bá àga jà, ó ń bá aládùúgbò jà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọ náà. Ní ìparí, ọmọ kanlẹ̀kùn. Bàbá ṣí i. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ wọlé. Eré parí.

Alábòójútó kà á, ó béèrè ẹ̀kọ́. Ẹ-Tún-un-Ṣe ní ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Alábòójútó yí ojú ewé tó kẹ́yìn padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ó ní kí bàbá kọjú sí àwọn olùwòran kó jẹ́wọ́, kó sunkún, kó sì gba àwọn òbí nímọ̀ràn. Ẹ-Tún-un-Ṣe ní bàbá tó bá lè ṣe gbogbo ìyẹn kò ní lé ọmọ jáde lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn tó ń kàwé nílé-ìkàwé pa ìwé wọn dé, wọ́n wá dúró lẹ́yìn fèrèsé láti gbọ́ ìjà. Nígbà tí Alábòójútó bínú jáde, Ẹ-Tún-un-Ṣe yọjú sí wọn, ó ní kí ẹni tó bá rántí ìdáhùn tó dára ju tòun lọ jọ̀ọ́ sọ ọ́, nítorí òun ṣì lè bá ọkùnrin náà lójú ọ̀nà.

Oníkámẹ́rà bi í ìdí tó fi rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn. Ọkùnrin náà fẹ́ fi àwàdà gbé e dànù, ó tún yí èrò padà. Ó ní, "Bàbá wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló lé jáde. Ọjọ́ tó padà dé, mo wà lẹ́yìn bàbá, mo rò pé ó fẹ́ gbá a létí ni. Oúnjẹ ló béèrè." Kí Oníkámẹ́rà tó lanu, ọkùnrin náà ti ní kó lọ nu ojú kámẹ́rà, pé ó dọ̀tí bí ojú aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn fún eré ń dún bí àpótí òfìfo. Ẹ-Tún-un-Ṣe ní òun kò lè fi àpótí lé ọmọ ọlọ́mọ jáde, ilẹ̀kùn tí èèyàn ti fi ìbínú tì rí ni òun fẹ́. Ó wá a kiri kò rí, ó bá yọ ilẹ̀kùn yàrá tí òun àti ẹnìkan jọ ń gbé nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó rù ú lórí gba àárín ọgbà kọjá. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ti ìwẹ̀ dé, ó bá ewúrẹ́ alákòóso ilé lórí ibùsùn rẹ̀, tó ń fi ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ panu. Alákòóso náà gbọ́ igbe, ó sáré dé, ó béèrè ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ẹ-Tún-un-Ṣe dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín rárá pé ilẹ̀kùn lọ ṣeré, àti pé títí di báyìí, ilẹ̀kùn náà ló mọ ipa tirẹ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yìí bú ni Ohùn-Oyin. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni, òun ló ṣe bàbá. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn ọmọbìnrin máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún ọ̀rọ̀ sọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òun náà mọ̀. Bí wọ́n bá ti ń dán eré wò tó sì kan ibi tí bàbá ti ṣílẹ̀kùn, Ohùn-Oyin á mí kanlẹ̀, á fọwọ́ di àyà, omijé á sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú òsì, nítorí ojú òsì ló kọjú sí kámẹ́rà.

Ẹ-Tún-un-Ṣe á bi í ta ló kú.

Lọ́jọ́ tó bi í lẹ́ẹ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ, Ohùn-Oyin da ìwé eré sílẹ̀, ó sọ ohun tó wà nínú gbogbo wọn. Ó ní kò sí ẹni tó lè ṣe ohunkóhun kó tẹ́ ọkùnrin yìí lọ́rùn, ìyá tó bí i pàápàá á ti gbọ́ tirẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ. Inú bí Oníkámẹ́rà sí àwọn méjèèjì: sí ọ̀kan nítorí pé ó lọ, sí èkejì nítorí pé ó jókòó, tó ń wo ẹnu ọ̀nà, tó ń sọ pé bó ṣe bínú jáde yẹn ló yẹ kó máa ṣe bàbá.

Gbogbo ẹgbẹ́ fi dandan lé e pé kí Ẹ-Tún-un-Ṣe lọ bẹ̀ ẹ́. Oníkámẹ́rà tẹ̀ lé e lọ, kó má bàa ba nǹkan jẹ́. Ọkùnrin náà sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa o. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jù lọ lọ́jọ́ orí, ó ní òun jẹ̀bi. Ohùn-Oyin fi sùúrù gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ di àyà, ó ní òun ti dárí jì í. Ẹ-Tún-un-Ṣe gbójú sókè láti ilẹ̀ tó wà. Oníkámẹ́rà rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó ní ìdáríjì náà kò dà bí òtítọ́.

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ṣe ọmọ nínú eré, ló padà yanjú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kì í pariwo. Ó kàn lọ sọ fún Ohùn-Oyin pé kó sinmi dáadáa, nítorí àwọn ti fẹ́ fi ọmọkùnrin tó ń ka ìròyìn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì fi máa rìn padà dé yàrá tẹlifíṣọ̀n, Ohùn-Oyin ti jókòó síbẹ̀, ó ti wọ agbádá bàbá.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba eré sílẹ̀ jẹ téèpù, ó jẹ ẹ́ wuuru bí ẹni tí ebi ń pa, ó sì kú. Wọn kò lè sún ọjọ́ ìbẹ̀wò síwájú. Ẹ-Tún-un-Ṣe ní kí wọ́n máa gbé eré náà lọ tààrà sórí afẹ́fẹ́. Oníkámẹ́rà bi í ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá ṣìnà. Ó ní kò sí ẹni tó máa ṣìnà, nítorí wọ́n ti tún un ṣe tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò, ẹ̀gbọ́n Ẹ-Tún-un-Ṣe obìnrin dé. Ó ti ránṣẹ́ pè é láìsọ ohun tí eré dá lé. Obìnrin náà jẹ́ aránṣọ, ó gbé ìjókòó, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá náà, lẹ́yìn iná, ó fi àpamọ́wọ́ lé itan. Ohun tí àwọn tó ń ròyìn ọjọ́ náà kò mọ̀ nìyí. Wọn kò sì mọ̀ pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Alábòójútó ti pe Ohùn-Oyin sí kọ̀rọ̀ kan lóun nìkan. Ó ní ọ̀gá ilé-ìwé ti jókòó, àwọn òbí ti pé. Bí kò bá fẹ́ kí yàrá yìí di ti àga, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kó kọjú sí kámẹ́rà, kó fi ohùn tí Ọlọ́run fún un ṣe wàásù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ wàásù. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ẹ-Tún-un-Ṣe ṣe wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tó rí i pé obìnrin náà, tó ti fọwọ́ bo ẹnu láti ìgbà tí ọmọ ti kanlẹ̀kùn, ti gbé ọwọ́ kúrò, tó ń wo àpamọ́wọ́ rẹ̀. Kò dúró wọ bàtà gidi. Ó rìn wọlé.

Ó sọ tirẹ̀, Oníkámẹ́rà náà sì sọ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ mira. Ó yíjú, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ẹ-Tún-un-Ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá bọ́tìnì, Oníkámẹ́rà sì sún àwòrán sókè díẹ̀ láti gé orí rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Inú ń bí i gidigidi, ó ń sọ ọ́ lọ́kàn pé bí eré yìí bá parí, òun á fi igi kámẹ́rà na ọkùnrin náà.

Ilẹ̀kùn dún. Ohùn-Oyin dúró. Wọ́n ti dójú tì í lójú gbogbo ayé, kò sì lè lu ẹni tó dójú tì í, kò lè pariwo, kò lè sá lọ. Ó fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn ṣí. Ó wo ọmọbìnrin tó dúró níbẹ̀. Ó la ẹnu, oyin ti tán nínú ohùn rẹ̀. Ohùn kan tó gbẹ, tí kò dùn rárá, ló jáde.

"Ṣé o ti jẹun?"

Nọ́ọ̀sì mi orí pé rárá. Ó wọlé. Ilẹ̀kùn tì, ó dún bí ilẹ̀kùn ilé ẹni.

Nínú àwọn yàrá ìgbafẹ́, wọn kò mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Alábòójútó ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìkanra láti wá lé gbogbo wọn jáde, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé ti ṣáájú rẹ̀ dé, ó bọ́ awò ojú, ó ń nù ún, ó ní láti ìgbà tóun ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, òun kò rí irú ọgbọ́n báyìí, kí ẹlẹ́rìí òtítọ́ jáde láàárín eré kó já irọ́. Alábòójútó wúkọ́. Ó ní àwọn ti jọ rò ó dáadáa.

Àga ìdánwò gba ibòmíràn lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ-Tún-un-Ṣe dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Gbogbo wọn ń retí kó sunkún. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n bàbá àwọn kò wọ agbádá lọ́jọ́ náà, ṣòkòtò ìsùn tó ti ya nídìí ni, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè bínú dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ Ẹ-Tún-un-Ṣe, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹlòmíràn máa ṣàtúnṣe fún un.

Oníkámẹ́rà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwòrán tó dára jù lọ tó yà láyé rẹ̀ kò sí níbì kankan, nítorí ẹ̀rọ ti jẹ téèpù, ojú àwọn tó wò ó lọ́jọ́ náà nìkan ló gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin náà wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti wá parí ìjà. Ó ní òun ti ronú sí i, àwòrán náà dára ju bí òun ṣe fojú inú wò ó lọ. Inú ọmọbìnrin náà ń rọ̀ bọ̀. Ọkùnrin náà ní àyàfi pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n níparí. Ọmọbìnrin náà tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ó gbọ́ ọkùnrin náà láti ìta tó ń sọ pé ilẹ̀kùn yẹn náà á dára fún eré.

Síbẹ̀ àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ títí ilé-ìwé fi tán, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gidi gba ọkùnrin náà, wọ́n lé e, òmíràn gbà á, wọ́n lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò ìgbéyàwó. Ní ibi ìgbéyàwó kan, ìyàwó ti wọlé tán, ẹbí ti dìde, orin ti ń lọ, ni Ẹ-Tún-un-Ṣe bá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ìyàwó rìn bí ẹni tó ń lọ gba ìwé ìrìnnà. Bàbá ìyàwó dì í lọ́rùn aṣọ mú. Oníkámẹ́rà ń bẹ bàbá, ó ń bẹ ìyá, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ọkùnrin náà nídìí. Nígbà tí ariwo máa rọlẹ̀, ìyàwó ti padà síta fúnra rẹ̀, ó tún wọlé, ẹ̀rín pa á débi pé kò lè rìn tààrà. Fídíò ìwọlé kejì yẹn ni tọkọtaya náà ń fi han àlejò títí dòní.

Nígbà tí àìsàn mú Ẹ-Tún-un-Ṣe, kò sọ fún Oníkámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é lórí fóònù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà kú.

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn èèyàn jókòó sí gbọ̀ngàn, wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Oníkámẹ́rà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń gbóná sí i. Ẹni tó dìde á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òmíràn á ní kì í bá ènìyàn jà. Ó ń wo àwòrán òkú tí wọ́n gbé sórí tábìlì, tí wọ́n fi òdòdó yí ká, ó ń rò ó pé ta ni wọ́n ń sin níbí gan-an. Nígbà tó yá, ẹnìkan wúkọ́. Alábòójútó ni, ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi dìde. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ràn sóun lẹ́nu jù lọ ni olóògbé. Ó ní lọ́jọ́ eré tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, òun ni òun fọwọ́ tì í lẹ́yìn, tí òun ní kó wọlé.

Oníkámẹ́rà dìde. Kò dúró kí wọ́n pè é. Ó kí bàbá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n dákun jókòó, ẹsẹ̀ á ti máa ro wọ́n. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí gbọ̀ngàn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ó sọ ti wàásù àti ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é. Ó sọ ti ewúrẹ́. Ó sọ ti obìnrin oníbúrẹ́dì. Ó ní ọkùnrin yìí kì í ṣe jẹ́jẹ́, kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó dá òun lágara débi pé òun kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ láìmọye ìgbà, ó sì bí òun nínú títí dòní tí òun dúró níwájú wọn. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ sin ín, kí wọ́n sin ẹni náà gan-an bó ṣe jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ọwọ́ àga mú. Ohùn-Oyin, tó ti di adájọ́, dìde ní ẹ̀yìn, ó ní òun kò tíì dárí jì í dénú títí dòní, àfi kó tún ẹ̀bẹ̀ náà ṣe láti ibi tó wà. Ìyàwó ọjọ́ fídíò sọ tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá láìsí ilẹ̀kùn sọ tirẹ̀, ó ṣì ń bínú sí ewúrẹ́ náà. Wọ́n ń to ẹ̀sùn lé ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Alábòójútó pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ júwe pé kí wọ́n dákun, ìgbàgbé ni.

Nígbà tí èrò ti lọ, àwọn obìnrin méjèèjì kù síbẹ̀, wọ́n ń kó àga jọ. Ẹ̀gbọ́n náà bi í pé ọjọ́ tó lọ wo àbúrò òun ní ọsibítù, kí ni àwọn méjèèjì rí sọ. Ó ní òun rí i pé ó fi ìbínú wọlé, òun sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà.

Oníkámẹ́rà ní òótọ́ ni. Ó ní gbogbo ojú ọ̀nà ni òun fi ń to ọ̀rọ̀ jọ, bó ṣe fi àìsàn pa mọ́ fún òun bí ẹni pé àjèjì ni òun. Bí òun ṣe wọlé ni òun bẹ̀rẹ̀, láìkí i, láìjókòó. Ọkùnrin náà rù gan-an, ó kàn ń wo òun títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu òun. Fèrèsé wà lápá ibi tí òun dúró, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé.

"Ó ní, 'Má kúrò níbẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, ẹ̀yìn kámẹ́rà lo máa ń wà. Mi ò rí ojú rẹ nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára rí.'"

"Kí lo wá ṣe?"

Ó ní òun ṣì ń bínú. Ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun, nítorí òun kò tíì jókòó láti ìgbà tí òun ti sọ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òun dúró, ọkùnrin náà ń wo òun. Ìmọ́lẹ̀ náà kúrò lójú òun, ó bọ́ sí èjìká, ó rọra gun ògiri lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ọsibítù fi máa wá sọ pé àkókò ìbẹ̀wò ti tán, ọkùnrin náà ti dijú, ó ti sùn lọ, yàrá ti ń ṣókùnkùn, òun sì ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tó fi òun sí.